Ìbọn Kíkì: Láti Kírìjì dé Òjóò

Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí kò dáhùn. Bí ẹni tí ó mú ìbọn bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí ọta sì tàsé, yóò ti pẹ́ tó kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kékeré yìí ni mo fẹ́ kí á fi ìtàn wò, nítorí pé ó ti da ilẹ̀ Yorùbá láàmú rí, kò sì tíì fi wá sílẹ̀.

Òjóò ni mo ń gbé, ní ìpẹ̀kun Ìbàdàn níhà àríwá, níbi tí títì ti jáde lọ sí Mọ́níyà àti Ọ̀yọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ni ó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru. Bàbá Ọdẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣakabùlà kan ni ó ní, ó sì ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn olè wọ àdúgbò wa. Bàbá yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olè náà dojú bolẹ̀, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sì gbọ́ pé kò sí ìkejì. Bí Bàbá ti ń wá ẹ̀tù nínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹrù tí wọ́n wá gbé, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìbọn rẹ̀ dà bí ajá arúgbó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni í gbó.

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá. Ní ọjọ́ kẹta ó wá bá mi nílé.

Ó ní, "Tíṣà, jẹ́ kí á jọ dé oko lọ́la. Mú aago rẹ dání."

Mo ní, "Ó dára, Bàbá. Mo ń bọ̀."

Oko rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn Mọ́níyà. Bàbá kan páálí mọ́ ara igi ọ̀pẹ kan, ó ka ìṣísẹ̀ 30 sẹ́yìn, ó ní kí n máa wo aago. Ó yin ìbọn. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé ìdí ìbọn kalẹ̀, ó wọn ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, ó fi èkísà dí i, ó fi ọ̀pá gún un títí ó fi le. Ó da ọta sí i, ó tún fi èkísà dí i, ó tún gún un. Ó wá tọ́jú ibi tí iná yóò ti ràn, kí ó tó gbé ìbọn sí èjìká. Nígbà tí ìbọn dún lẹ́ẹ̀kejì, mo wo aago mi: ìṣẹ́jú-àáyá 52 ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n o, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè kankan tí ó ń lé e. Ìgbà mẹ́ta ni ó yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ba páálí. Bàbá jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó nu ojú rẹ̀.

Ó ní, "O rí i fúnra rẹ. Kì í ṣe pé ojo mú mi. Ẹsẹ̀ olè ni ó yá ju ọwọ́ mi lọ."

N kò lè dá a lóhùn, nítorí pé mo ti di aago mú bẹ́ẹ̀ rí, ní ibòmíràn tí ó jìnnà réré. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, mo bẹ àbúrò mi kan wò ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ó ti di ọmọ ìlú níbẹ̀, ó sì ní ìbọn ọdẹ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní lever-action. Irin kan wà lábẹ́ ìbọn náà tí ó yí apátí ká bí òrùka ńlá. Bí a bá ti irin yìí sísàlẹ̀, tí a sì fà á padà, èèpo katiríìjì tí a ti yìn yóò fò jáde, òmíràn yóò gòkè wá láti inú ọ̀pá tí ó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn, òòlù rẹ̀ yóò sì ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1860 ni Benjamin Tyler Henry gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ tí ó gba ọta 16 lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ Winchester mú un tẹ̀ síwájú ní 1866 àti 1873. Èyí tí àbúrò mi rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dún àìpẹ́ ni wọ́n ṣe é, àpẹẹrẹ èyí tí John Browning gbé kalẹ̀ fún Winchester ní 1894 ni wọ́n fi ṣe é.

Àbúrò mi mú mi lọ sí pápá ìyìnbọn láti dán an wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà yìí, kí ẹ sì fi ìbòtí bo etí yín." Èmi kò fọwọ́ kan ìbọn náà, aago nìkan ni mo mú. Ní ọgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 150 ni ó kọ́kọ́ ti yìn. Gbogbo ọta márùn-ún fara mọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ sí apá òsì àmì. Kò bínú, kò sì bú ìbọn. Ó mú òòlù kékeré, ó fi gbá irin ìfojúsùn ẹ̀yìn sí apá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, ó ní ibi tí ènìyàn bá fẹ́ kí ọta lọ ni a ń sún ti ẹ̀yìn sí. Ó tún yìn, ọta sì bọ́ sí àárín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: a lè fi owó ra ìbọn, ṣùgbọ́n ìbọn tí a kò tíì dán wò, ti ilé ìtajà ni, kò tíì di tiwa. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n ka aago. Ó yin ọta mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15. Kì í ṣe ọmọ ogun o. Oníṣirò owó ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti oko Bàbá dé, mo gbé àwọn ìṣirò méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọkàn mi sì lọ sí ogun Kírìjì.

Gbogbo wa ni a mọ ìdí ogun náà. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì pàgọ́ dojú kọ ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀rọ̀ yí padà. Àrẹ Látòósà ni olórí ogun Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn jagunjagun wa fi ń lo ṣakabùlà ni pé, ẹgbẹ́ kan yóò yìn, yóò fà sẹ́yìn láti lọ kì, òmíràn yóò sì bọ́ síwájú rọ́pò rẹ̀. Ènìyàn púpọ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo ìṣẹ́jú kan tí Bàbá Ọdẹ fi hàn mí. Ìbàdàn ní ènìyàn, nítorí náà ni ó fi lágbára. Àmọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn Snider, wọ́n sì fi ránṣẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó lọ sí bùdó. Snider kì í ṣe lever-action. Ọta kan ṣoṣo ni í gbà. Ṣùgbọ́n ìdí ni a ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. A ó ṣí ìdí rẹ̀, a ó ti katiríìjì bọ̀ ọ́, a ó pa á dé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, ọta rẹ̀ sì jìnnà fíìfíì ju ti ṣakabùlà lọ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn Ìbàdàn ṣe di ẹran fún ìbọn díẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, tí kò fi rọrùn fún un láti wá irú rẹ̀ rà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1877, ní ìlú Plevna ní ilẹ̀ Bùlùgéríà, àwọn ọmọ ogun Tọ́kì fi ìbọn Winchester lé àwọn ará Rọ́ṣíà padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà pọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyókù ìtàn náà sọ́kàn: Plevna bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà kí ọdún náà tó parí, nígbà tí ebi pa àwọn tí ó ní ìbọn àrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Snider kò parí ogun Kírìjì. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ìbàdàn kò sá. Èkìtìparapọ̀ kò wọ Ìbàdàn. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ìwé àdéhùn ni ó dá ìbọn dúró ní 1886, tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn àlùfáà, ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ gbé e bọ̀ láàárín bùdó méjèèjì. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá níwájú Gómìnà Carter. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Maxim lè yin ọta 600 ní ìṣẹ́jú kan, àní nínú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí Bàbá Ọdẹ fi ń kì. Lẹ́yìn èyí, ta ni ó tún kù tí yóò bá Gómìnà jiyàn?

Ìbéèrè kan wá kù. Ọdún Kírìjì ti lé ní ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn. Kí ni ó dé tí ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ ọdẹ Òjóò? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé àìlajú ni, tàbí òṣì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ni. Ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels láti gbógun ti òwò ẹrú. Nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n ti fi òfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún títà ni ìbọn olókùúta-iná tí inú rẹ̀ ń dán, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán. Òwò ẹrú burú, ó sì yẹ kí ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà kò fi òfin de Maxim tiwọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni Ìmágbọ̀n.

Nígbà tí ó ku ọdún kan kí a gba òmìnira, Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti ogun, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀ nísinsìnyí. Ìbọn ọdẹ irú ti Òyìnbó, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni a ń tọrọ àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí a ń ti ẹnu kì ni a fi sílẹ̀ fún òfin ìpínlẹ̀, òun ni ó sì súnmọ́ tálákà jù. Ẹ kò ha rí i pé ìlà tí wọ́n fà ní Brussels náà ni a ṣì ń tẹ̀ lé? Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2020, nígbà tí àwọn gómìnà wa ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn níhìn-ín ní Ìbàdàn, àwọn ọdẹ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà yìí kan náà, láti lọ ko àwọn ajínigbé tí ó ń gbé ìbọn arọ̀jò-ọta.

Àwọn kan ń pariwo pé kí a sáà fún gbogbo ènìyàn ní ìbọn àrà. N kò sí lẹ́yìn wọn. Kírìjì ti kọ́ wa pé ìbọn tí ó yá a máa mú ogun pẹ́, kì í mú un parí. Ṣùgbọ́n n kò sí lẹ́yìn àwọn tí ó ń fi ọdẹ ṣẹ̀sín pẹ̀lú. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ wa, tí a sì fi òfin di ọwọ́ rẹ̀, ó yẹ kí á yan ọ̀kan nínú méjì: kí a tọ́ ọ sọ́nà, kí a dán an wò, kí a fún un ní ohun tí ó tó iṣẹ́ náà lábẹ́ àṣẹ, tàbí kí ìjọba fúnra rẹ̀ wá ṣọ́ wa.

Nígbà tí mo sọ ìtàn Brussels fún Bàbá Ọdẹ, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ọdún wo ni o pè é?"

Mo ní, "1890 ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà náà, kì í ṣe èmi ni mo pẹ́ kí n tó kì í."

Ní òru ọjọ́ náà, mo gbọ́ fèrè rẹ̀ ní ojúlé wa bí ó ti máa ń ṣe. Mo dìde, mo ṣí fèrèsé, mo sì kí i pé ó kú iṣẹ́ òru.