Kí Sàíkọ́lọ́jì Tó Dé Nsukka, Àró Ti Wà

Lọ́dún tí mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù JAMB, mo sọ fún bàbá mi pé sàíkọ́lọ́jì ni mo fẹ́ kà. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wò mí. "Ṣé Àró lo fẹ́ lọ máa ṣiṣẹ́ ni?" Lọ́dọ̀ wa, orúkọ àdúgbò lásán kọ́ ni Àró. Bí ènìyàn bá ṣe ohun tí kò bójú mu, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ka bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, mo rí i pé ìbéèrè bàbá mi kì í ṣe ti aláìmọ̀kan.

Ilé ìtìmọ́lé ló kọ́kọ́ dé. Ìjọba amúnisìn ṣí ọ̀kan fún àwọn wèrè sí Calabar ní 1904, wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907. Kíkó àwọn tó ń da ìgboro rú kúrò lójú títì ló jẹ wọ́n lógún ju ìwòsàn lọ. Òfin tó de ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1916. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn kò nílò dìgírì, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò bèèrè ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó di 1954 kí Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó wà láyìíká ilé ìwòsàn náà, pẹ̀lú ẹbí wọn. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí abúlé lálẹ́. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Henri Collomb náà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Fann, ní Dakar, ní àsìkò tí kò jìnnà sí i. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí àwọn oníṣègùn yẹn. Ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ tiwọn gùn: ọmọ-iṣẹ́ á bá ọ̀gá gbé, á já ewé, á máa gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń fi ọgbọ́n wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹbí. Aláìsàn kò jìnnà sí i, inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń sùn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an tún wọ ìtàn náà. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àìsàn tó ń ṣe wọ́n, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "brain fag": orí á máa gbóná, á dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kà kò ní í yé wọn mọ́. Ẹ̀kọ́ ń kó wàhálà bá ọpọlọ ọmọ wa kí a tó ní ibi tí a ti lè kọ́ nípa ọpọlọ ọ̀hún.

Yunifásítì Nsukka, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan bá wọn gbé kalẹ̀ ní 1960, ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì tó dá dúró sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ọdún díẹ̀ tí wọ́n ṣí i. Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, kò ní tirẹ̀ títí di 1976. Bí ọ̀nà ṣe pín sí méjì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ dókítà ọpọlọ á kọ́kọ́ kàwé dókítà, á wá tún kọ́ṣẹ́ ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà sàíkọ́lọ́jì á lo ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò tíì lè tọ́jú ẹnikẹ́ni. Oyè kejì nínú ìtọ́jú aláìsàn ló ń ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn fún un.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nígbà tí mo wọlé. Púpọ̀ nínú wa ní kíláàsì ló ti kọ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí òfin sí fọ́ọ̀mù, tí wọ́n fún ní sàíkọ́lọ́jì. Lẹ́yìn tí mo jáde, ìyá kan ládùúgbò mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi. Ọmọ náà kì í sùn mọ́. Wọ́n ń pè mí ní dókítà. Mo lè sọ èrò Freud àti ti Skinner láìwòwé, ṣùgbọ́n n kò mọ ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi ọmọ yẹn. Ọmọ-iṣẹ́ oníṣègùn tó lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá kò ní í wà nírú ipò yẹn. Mo ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ojú sì tì mí. Èmi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni a kò rí àyè fún oyè kejì yẹn. Àwọn kan wà ní báńkì báyìí. Ní tèmi, ìtàn ni mo padà fi gba oyè kejì.

Ghánà ti ṣe òfin ní 2013 tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn onísàíkọ́lọ́jì. Ní tiwa, oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún tí òfin 1916 jáde.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan ní sàíkọ́lọ́jì lòun náà fẹ́ kà. N kò bi í ní ọ̀rọ̀ Àró. Mo ní kó pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń rò, kó bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ aláìsàn, àti ta ló máa ń jókòó tì wọ́n níbẹ̀. Ó pe mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo ló rí nǹkan gidi sọ.