Harriet E. Wilson (1825–1900)

Harriet E. Wilson jẹ́ òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ṣoṣo, Our Nig, tí wọ́n tẹ̀ ní Boston lọ́dún 1859. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí adúláwọ̀ tẹ̀ jáde lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé ìtàn àròsọ ti William Wells Brown, tí òun náà jẹ́ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣáájú, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Milford ní New Hampshire ni wọ́n bí i sí. Adúláwọ̀ ni bàbá, òyìnbó ni ìyá. Lẹ́yìn ikú bàbá, ìyá já ọmọ sílẹ̀ sílé àgbẹ̀ òyìnbó kan, níbi tí Harriet ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ títí ó fi bàlágà. Ìyà tó jẹ níbẹ̀ ló hun sínú ìtàn Frado, ọmọbìnrin inú ìwé náà. Ó jọ pé èyí ló mú kí àwọn tó ń pariwo pé kí ìkónilẹ́rú dópin ṣe bí ẹni tí kò rí ìwé náà: ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru ará Gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń lo ẹrú, obìnrin yìí bá a nínú ilé àwọn ará Àríwá.

Lọ́dún 1851 ó fẹ́ Thomas Wilson, tó pe ara rẹ̀ ní ẹrú tó sá àsálà. Kò pẹ́ tí ọkọ fi í sílẹ̀. Ilé àwọn aláìní ló bí George, ọmọ wọn, sí. Harriet kò fi bò nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀: owó tí yóò fi bọ́ ọmọ ló ń wá. Ìwé kò tà. Ní oṣù Kejì ọdún 1860, ibà pa George lọ́mọ ọdún méje.

Ó tún ta oògùn irun. Nígbà tó yá, ó di gbajúmọ̀ abókùúsọ̀rọ̀ ní Boston. Quincy ló kú sí.

Fún ìgbà pípẹ́, ìwọ̀nba àwọn tó mọ ìwé náà ń rò pé òyìnbó ló kọ ọ́. Henry Louis Gates, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Wọlé Ṣóyínká ní Cambridge, ló tú àṣírí. Àkọsílẹ̀ ikú George, tó pe ọmọ náà ní adúláwọ̀, ló fi mọ irú ẹni tí ìyá jẹ́, ó sì tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún 1983. Gates yìí kan náà ló tẹ ìwé ìtàn àròsọ Hannah Crafts, obìnrin adúláwọ̀ mìíràn, jáde lọ́dún 2002. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ìyẹn ṣáájú ti Wilson, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ lásán ni títí di ìgbà náà.