Ajàjàgbara tí Ìjọba Sọ di Ọlọ́ṣà: Ọ̀ràn Ilẹ̀ Gíríìsì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùwòran, òwe yìí bá ìtàn ilẹ̀ Gíríìsì mu. Àwọn tí ó fi ẹ̀mí wọn wewu láti gba ilẹ̀ bàbá wọn lọ́wọ́ Jámánì ni ìjọba wá ń pè ní ọlọ́ṣà lẹ́yìn ogun. Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ wọ́n ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1941 ni ọmọ-ogun Jámánì ya wọ Gíríìsì. Ọba sá lọ sí òkè-òkun. Ìyàn sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Átẹ́ńsì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ EAM sílẹ̀. Àwọn Kọ́múníìsì ni òpó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ tí kì í ṣe Kọ́múníìsì ni ó wà nínú rẹ̀. ELAS ni ẹ̀ka ológun rẹ̀. Nígbà tí Jámánì fi kúrò ní Átẹ́ńsì ní ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 1944, ọwọ́ EAM ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà wà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni Churchill àti Stalin ti jókòó ní Mọ́síkò, tí wọ́n sì fi ẹnu kò pé ìdá 90 nínú 100 àṣẹ Gíríìsì yóò jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi ọmọ Gíríìsì kan léèrè. Churchill fẹ́ kí ọba padà sórí ìtẹ́. Kò sì fẹ́ Kọ́múníìsì ní etí òkun tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ sí Íńdíà.

Bí ọ̀gágun Scobie, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe pàṣẹ pé kí ELAS kó ohun ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn mínísítà EAM fi ipò sílẹ̀, nítorí pé a kò gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ-ogun ọba tí ó ti òkè-òkun dé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, èrò tú jáde sí gbàgede Syntagma. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Churchill ní kí Scobie ṣe Átẹ́ńsì bí ìlú tí a fi ogun ṣẹ́gun. Bàálù Gẹ̀ẹ́sì ń yìnbọn sí àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan tí ó ti bá Jámánì ṣiṣẹ́ sì tún gba ìbọn láti bá ELAS jà. Ọwọ́ ELAS náà kò mọ́: wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú nígbèkùn, wọ́n sì pa púpọ̀.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 1945, ní Varkiza, ELAS gbà láti kó ìbọn sílẹ̀. Ìnira kò tán síbẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ọba ń lù wọ́n, wọ́n ń pa wọ́n, ilé ẹjọ́ sì ń sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1946. Ní 1947 ni Truman gba ẹrù náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì; owó àti ohun ìjà Amẹ́ríkà ni ó parí ogun náà ní 1949. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí erékùṣù Makronisos, wọ́n ń fi ìyà jẹ wọ́n kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kọ ìgbàgbọ́ àwọn sílẹ̀.

Ọdún 1982 ni òfin tó gbà pé ajàjàgbara ni EAM. Ọdún 1989 ni òfin mìíràn pa orúkọ náà, ‘ogun ọlọ́ṣà’, rẹ́, tí ó sọ ọ́ di ‘ogun abẹ́lé’. Nígbà náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni orúkọ rere náà ti wà nínú ibojì.

Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ Gíríìsì lórúkọ kò sí ní Gíríìsì. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ‘ọlọ́ṣà’ nínú ìwé ìtàn, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ.