Ìwé Ìgbélùú: Àwọn Ará Òkè-Ògùn ní Ilẹ̀ Gánà títí di Ọdún 1969

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba ilẹ̀ Gánà, èyí tí Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Láti orí àṣẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn ní Gánà. Ṣùgbọ́n ìdí ìtàn náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ kò lè rí ojú ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ṣòro láti yé ni pé ẹni tí ó ti gbé ìlú kan fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, tí ó bímọ síbẹ̀, tí ó sin òkú síbẹ̀, tí ó ń san owó orí fún ìjọba ibẹ̀, ni a ji lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí a wí fún pé kò ní ìwé. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti òwú ni ilẹ̀ náà fẹ́ràn. Kòkó kò gbà á. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí rí owó kòkó, igi tí ń so owó kò sí ní Ṣakí tàbí ní Ìgbòho. Ọkọ̀ ojú irin pàápàá kò ya sọ́dọ̀ wọn: ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá lọ sí òkè Ọya. Gbogbo ìlú tí ó wà láàárín Ìsẹ́yìn àti Kìṣí ni ó jókòó síbi tí ó wà, tí ń gbọ́ òkìkí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí owó orí dé sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1918, a kò yọ ẹni tí kò ní kòkó sílẹ̀. Owó ni ìjọba ń fẹ́, kì í ṣe iṣu.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀ràn yàtọ̀. Ilẹ̀ Góòlù Kóòsì ti di aṣáájú gbogbo ayé nínú kòkó láti 1911. Ọkọ̀ ojú irin ti Sekondi dé Kùmásì láti 1903. Ní 1919 ni a rí dáyámọ́ǹdì ní àfonífojì odò Birim, kò sì pẹ́ tí orúkọ Akwatia fi di ohun tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń pè káàkiri Òkè-Ògùn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Ojú ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣòwò obì ti ń ti ilẹ̀ Haúsá rìn gba ilẹ̀ Bàrìbá kọjá lọ sí Salaga. Àwọn ará Ṣakí tí wọ́n ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Bàrìbá mọ ọ̀nà yìí dáadáa: Parakou, Djougou, lẹ́yìn náà Yendi àti Tamale. Aṣọ òfì tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin hun jẹ́ ọ̀kan nínú ẹrù tí àwọn kan kọ́kọ́ gbé lórí rin ọ̀nà náà. Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n fi ẹrù aṣọ sílẹ̀, wọ́n di oníwosiwosi: abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, dígí, ọṣẹ, fìtílà, ìkòkò àti gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tí ilé kò lè ṣe aláìní. Àwọn obìnrin wọn ní tiwọn nínú òwò yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìsọ̀ ìyàwó sì ń mówó wọlé ju ti ọkọ lọ.

Kí ìwé tó dé, ẹnu ni a fi ń gba ìyọ̀ǹda láti gbé ìlú. Ẹni tí ó bá ti Ṣakí dé Tamale kò lọ sí ilé ìjọba. Ọ̀dọ̀ ará ilé rẹ̀ tí ó ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ ni ó ń wọ̀. Onílé yìí ni yóò mú un lọ kí olórí àwọn Yorùbá ìlú náà, olórí Yorùbá sì ni ẹni tí ọba onílẹ̀ mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọjà bá dé, bí òkú bá kú, bí tọkọtaya bá jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá hùwà burúkú, onílé rẹ̀ ni yóò dáhùn fún un. Ètò yìí lágbára nítorí pé orúkọ ènìyàn wà lẹ́nu àwọn ènìyàn mìíràn. Ẹni tí kò bá ní ẹlẹ́rìí kò ní ibùgbé. Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí á kíyè sí níhìn-ín: àlejò àti àjòjì. Àlejò ní onílé tí ó gbà á; àjòjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ní ojú ara wọn, àwọn ará Òkè-Ògùn ní Gánà kì í ṣe àjòjì rárá.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò da ètò náà rú. Abẹ́ àsíá kan náà ni Nàìjíríà àti Góòlù Kóòsì wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé, Dàhómì àti Tógò, dábùú ọ̀nà. Ọmọ abẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì ni ará Ṣakí ní Ṣakí, òun náà ni ní Kùmásì. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, iye Yorùbá tí a kà níbẹ̀ lé ní 100,000, àti pé nínú ẹni 100 tí ń gbé Gánà, nǹkan bí 12 ni orírun wọn kì í ṣe Gánà.

Òmìnira ni ó sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìwé. Òfin ọmọ-ìlú tí Gánà ṣe ní 1957 sọ pé ẹni tí a bí síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún náà kò ní di ọmọ ìlú àfi bí a bá bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí òbí rẹ̀ náà síbẹ̀. Kí á fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkùnrin kan láti Ìgbòho fẹ́ ìyàwó láti Ṣakí, wọ́n lọ sí Tamale ní 1930, wọ́n bí ọmọ ní 1935. Ọmọ náà kò mọ ìlú mìíràn, ó gbọ́ Dàgbáńlì àti Haúsá ju Yorùbá lọ, síbẹ̀ àjòjì ni lábẹ́ òfin. Ọmọ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Gánà, bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ibẹ̀ ni a bí bàbá rẹ̀ sí. Ta ni ó sì gba ìwé ìbí fún ọmọ ní sóńgò Tamale ní 1935?

Ọdún 1957 náà ni àmì mìíràn hàn, tí àwọn Yorùbá kò kà sí. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba Nkrumah lé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí méjì kúrò ní Kùmásì, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí Kano. Àwọn méjèèjì sọ pé ọmọ Gánà ni àwọn, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ìjọba kò dúró de ìdájọ́. Ó ṣe òfin àkànṣe kan nítorí àwọn méjèèjì péré. Ọ̀ràn òṣèlú ni a kà á sí nígbà náà, nítorí pé ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n ń ṣe, àwọn oníṣòwò láti Òkè-Ògùn sì rò pé òṣèlú kò kan àwọn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí ọ̀ràn náà fi hàn ni pé ìjọba lè bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú bàbá rẹ̀, kí ó má sì gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́.

Ní 1963 ni Òfin Àjòjì jáde, èyí tí ó sọ pé àjòjì kò gbọ́dọ̀ gbé Gánà láìní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, kì í ṣe Busia ni ó dá ìwé ìgbélùú sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òfin náà fi wà kí ó tó pàṣẹ rẹ̀. Ó sì yẹ kí á rántí pé Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ lórí wíwọlé àjòjì ní ọdún 1963 kan náà. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn wa kò gba ìwé yìí ní gbogbo ọdún mẹ́fà náà? Àwọn kan sọ pé àìmọ̀wé ni. Àìmọ̀wé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí yóò gba ìwé ìgbélùú ní láti kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà ìlú rẹ̀; ẹni tí yóò gba ìwé ìrìnnà ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni òun, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti kúrò ní Ṣakí kí orúkọ Nàìjíríà tó dé etí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tí a bí sí Gánà kò rí ìdí tí òun yóò fi lọ kọ orúkọ sínú ìwé pé àjòjì ni òun. Pàtàkì jù lọ, kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́pàá kò béèrè, olówó orí ọjà kò béèrè, ọba onílẹ̀ kò béèrè. Òfin tí a kò lò fún ọdún mẹ́fà kì í dà bí òfin mọ́ lójú ará ìlú, ẹ̀bi èyí sì jẹ́ ti ìjọba ju ti oníwosiwosi lọ.

Ohun tí ó mú kí ìjọba rántí rẹ̀ kò fara sin. Iye owó kòkó já wálẹ̀ púpọ̀ ní 1965. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Nkrumah ní 1966, gbèsè bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, àìríṣẹ́ṣe sì pọ̀. Ní 1968 ìjọba ológun ti ṣe òfin tí ó fi àwọn òwò kéékèèké pamọ́ fún ọmọ Gánà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Busia wọlé nínú ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún 1969, ará ìlú ń retí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ àjòjì wà ní gbangba ọjà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè nàka sí i. Awakùsà àti alágbàṣe oko kòkó kò hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sì hàn pé oko kòkó yóò dahoro, ìjọba yọ àwọn alágbàṣe oko sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. Kò sí ẹni tí ó yọ oníwosiwosi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ìsọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ilé. Àwọn ènìyàn ya bo ilé aṣojú Nàìjíríà ní Accra láti wá ìwé ìrìnnà, ìlú tí wọ́n ń wá ìwé rẹ̀ sì wà lẹ́nu ogun abẹ́lé lọ́wọ́ nígbà náà. Òwò Yorùbá ní Gánà dúró lórí àwìn. Àwọn oníbàárà jẹ gbèsè, àwọn náà jẹ ilé-iṣẹ́ ńlá ní gbèsè. Lọ́jọ́ tí àṣẹ jáde, ẹni tí ó jẹ gbèsè mọ̀ pé bí òun bá fà á fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ ni owó ogún ọdún ṣe ṣègbé láìsí olè tí ó wọlé. Ìjọ Onítẹ̀bọmi pàápàá, tí ó jẹ́ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti àwọn ìlú agbègbè wọn ni ó gbé e dé ọ̀pọ̀ ìlú Gánà, pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Ilé ìsìn wà, àga wà, àwọn tí ń kọrin Yorùbá níbẹ̀ ti lọ. Nínú oṣù díẹ̀, iye àjòjì tí ó fi Gánà sílẹ̀ lé ní 100,000, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn.

Nílé, ilé tí wọ́n fi owó Gánà kọ́ ń dúró dè wọ́n. Èyí ni ohun tí àwọn tí ó ń ṣàánú wọn kì í sábà rò: àwọn ará Òkè-Ògùn kò fi ìgbà kan gbàgbé ilé. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ọdún, wọ́n ń mú ìyàwó láti ilé lọ. Bí wọ́n bá ní ìwé, bóyá wọn kì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yàtọ̀ sí ọ̀nà àtijẹ. Ẹni tí ó ti jókòó nínú ìsọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ní láti tún di ọkọ́ mú, àwọn ọmọ tí kò rí ebè iṣu rí ní láti kọ́ ọ. Àwọn kan lọ sí oko tábà tí ó ti gbilẹ̀ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àwọn kan tún òwò dá sílẹ̀ ní Ṣakí, Ìbàdàn àti Èkó. Àwọn kan kò lè dúró, wọ́n tún sọdá ẹnu ibodè lọ sí Dàhómì, Tógò àti Ivory Coast. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Busia fúnra rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1972, àwọn díẹ̀ padà sí Gánà láti lọ wo ohun tí ó kù.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn àṣẹ Busia, ọ̀ràn náà yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Nàìjíríà, tí owó epo rẹ̀ ti já wálẹ̀, fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde, ọmọ Gánà sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà, ìdí kan náà. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tí ń fi báàgì náà kó ẹrù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò sì mọ̀ pé ìdílé tiwọn náà ti di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí ní òdì kejì. Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979, èyí tí ó fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn kejì, tí a ṣe ní 1986, ni ó sọ nípa ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú ẹlòmíràn àti káàdì tí a ó fi mọ olùgbé. Ní Òkerété, ní ibodè Ṣakí àti ilẹ̀ Benin, àwọn oníṣòwò ń kọjá lójoojúmọ́ láti lọ sí ọjà òdì kejì, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì gba ìwé kankan.