Ìdásílẹ̀ àti Òpin Ọjà Maxwell Street ní Ìlú Chicago

Òpópó Maxwell kò jìnnà sí àárín gbùngbùn ìlú Chicago, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1880 ni àwọn Júù ti ń wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti Rọ́ṣíà, Pólàǹdì àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká. Ìkọlù tó bẹ́ sílẹ̀ sí wọn ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn ikú Ọba Alexander Kejì ní 1881 ló lé púpọ̀ nínú wọn kúrò nílé. Ẹni tí kò lágbára àtigba ṣọ́ọ̀bù a ra ọjà díẹ̀ sínú ọmọlanke, a sì máa tì í kiri. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́mọlanke wọ̀nyí dúró sójú kan, ibẹ̀ sì di ọjà. Ní 1912, ìjọba ìlú Chicago fi òfin fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjà náà máa ń kún jù lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mìíràn nílùú máa ń tì ní Ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rajà lọ́jọ́ náà mọ ibi tí yóò gbà lọ. Bàtà, aṣọ òkìrìkà, irinṣẹ́ àti adìyẹ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè láìná an.

Ní 1924, òfin tuntun dín iye àwọn àjèjì tó lè wọ Amẹ́ríkà kù gidigidi, àwọn Júù tó ń wá láti òkè òkun sì dín kù. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣí wá láti ìpínlẹ̀ Mississippi àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù mìíràn, wọ́n ń sá fún ìwà ìrẹ́jẹ, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Bí àwọn Júù ṣe ń kó lọ sí àdúgbò mìíràn ni àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí ń gba ilé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Júù ṣì ń tajà níbẹ̀. Àwọn olùgbé tuntun yìí ló mú orin blues wá. Ariwo ọjà máa ń bo ohùn gìtá lásán mọ́lẹ̀, nítorí náà àwọn olórin a sanwó díẹ̀ fún onílé tàbí oníṣọ́ọ̀bù, wọn a fa wáyà iná gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde, wọn a sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ní 1947, olórin blues kan tó ń jẹ́ Little Walter gba orin sínú àwo fún ìgbà àkọ́kọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù rédíò kan ní òpópó náà. Àwọn ará Mẹ́síkò náà dé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wọn.

Ohun tó pa ọjà náà kò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní àwọn ọdún 1950, òpópónà márosẹ̀ Dan Ryan gba apá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ní 1965, Yunifásítì Illinois ṣí ọgbà tuntun sí ìtòsí. Nígbà tó ń gbòòrò sí i, ó ń ra ilé àti ilẹ̀ àdúgbò náà, àwọn olùgbé sì ń dín kù. Àwọn tó fẹ́ kí ọjà náà kásẹ̀ nílẹ̀ ń tọ́ka sí ìdọ̀tí àti ẹrù olè. Àléébù wọ̀nyí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé tún ṣe láìwó àdúgbò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1994, ìjọba ìlú ti ọjà náà, ó sì kó o lọ sí òpópó Canal. Ìsọ̀ ṣeé kó, ṣùgbọ́n àwọn ilé tó ń fún olórin níná, àti àwọn aládùúgbò tó ń dúró gbọ́ ọ, kò bá a lọ. Ní 2000, àwọn tó ń jà fún àdúgbò náà bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ìtàn. Ìjọba kò gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tó ṣẹ́kù, wọ́n sì fi ojú ilé mélòó kan sára ilé tuntun. Ní 2008, wọ́n tún ṣí ọjà náà nípò lọ sí òpópó Desplaines.