Alùpùpù Nínú Aṣálẹ̀ Ténéré: Ìtàn Ìrìn-àjò Orí Iyanrìn ní Orílẹ̀-èdè Niger

Ìrìn-àjò aṣálẹ̀ lórí alùpùpù ni kí ènìyàn gun alùpùpù tí a ṣe fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, kí ó máa tọ ipa tí ràkúnmí àti ọkọ̀ akẹ́rù ti là sílẹ̀ nínú iyanrìn, nígbà tí omi, epo, oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀ wà ní ibùdó kan tàbí nínú ọkọ̀ ńlá tí ó ń tẹ̀ lé e. Ní Niamey, olú-ìlú Niger, àwọn ará àdúgbò bíi Banifandou ń gun alùpùpù lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí pé lẹ́yìn ìlú Agadez àti àwọn òkè Aïr ni aṣálẹ̀ Ténéré ti bẹ̀rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 400,000 kìlómítà níbùú-lóòró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà ní irú ibẹ̀: ẹni tí ó bá dá gun alùpùpù wọ̀ ọ́ láìsí olùrànlọ́wọ́ kì í jìnnà.

Kí ọkọ̀ tó dé, àwọn Tuareg ni wọ́n mọ ojú ọ̀nà náà, tí wọ́n ń kó ràkúnmí lọ ra iyọ̀ àti èso déètì ní Bilma, wọ́n sì máa ń ka ọ̀nà láti kànga kan sí òmíràn. Ní 1924, ilé-iṣẹ́ Citroën ti Faransé rán àwọn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ní bẹ́líìtì dípò táyà la Sàhárà kọjá, wọ́n sì gba Niamey àti Zinder lọ sí ìhà Adágún Chad. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Oṣù Kejìlá 1934, àwọn obìnrin méjì kan, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron, gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù Panther kan. Alùpùpù náà ní ìjókòó tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tún ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré kan lẹ́yìn, èyí tí wọ́n kó ohun èlò wọn sí, bí ẹni tí ó fa ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò mú kọ́ńpáàsì dání nígbà tí wọ́n ń la Sàhárà kọjá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, Agadez ni wọ́n ti tú u palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò, kí wọ́n tó gba Kano kọjá, wọ́n sì dé Cape Town ní Oṣù Keje 1935.

Àmì ojú ọ̀nà ṣọ̀wọ́n nínú aṣálẹ̀ náà. Ọ̀kan ṣoṣo tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ni igi akasíà kan tí wọ́n ń pè ní Igi Ténéré, tí ó dá dúró láìsí igi mìíràn nítòsí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1938 sí 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju 30 mítà lọ kí ó tó kan omi. Ní ìparí 1959 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Berliet rán ọkọ̀ lọ wá ọ̀nà la Ténéré kọjá, wọ́n sì ri àwọn òpó irin tí ó ní nọ́ńbà mọ́lẹ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Ní 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lu Igi Ténéré, ó sì wó. Wọ́n gbé òkú igi náà wá sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè ní Niamey, wọ́n sì gbé igi onírin dúró sí ipò rẹ̀.

Ìdíje Paris–Dakar ni ó sọ aṣálẹ̀ yìí di olókìkí láàárín àwọn ọlọ́kọ̀. Thierry Sabine, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó sọnù nínú aṣálẹ̀ lórí alùpùpù ní 1977 nígbà ìdíje Abidjan–Nice, ni ó dá a sílẹ̀. Ìdíje àkọ́kọ́ gbéra ní Paris ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejìlá 1978, ó gba Agadez àti Niamey kọjá, Cyril Neveu lórí alùpùpù Yamaha XT500 sì ni ó borí. Ní 1983, nígbà tí ìdíje náà la Ténéré kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjì iyanrìn mú kí nǹkan bí 40 awakọ̀ ṣìnà. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Yamaha gbé alùpùpù XT600Z jáde, tí ó sọ ní Ténéré, tí táǹkì rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí 30 lítà epo.

Àgọ́ alẹ́ ni ọkàn ìdíje náà. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ti máa ń fi gbogbo òru tún alùpùpù ṣe, tí dókítà àti alásè wà, tí ẹni tí ń díje sì ń ka ìwé ojú ọ̀nà ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó bá dé orí iyanrìn, yóò nàró lórí ìtẹ̀sẹ̀, yóò sì ti ara sẹ́yìn, nítorí pé táyà iwájú tí ó bá wúwo jù máa ń rì sínú iyanrìn ni.

Àìsí ààbò ni ó ti ọ̀nà náà pa. Ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ní 2000, nítorí ìhàlẹ̀ àwọn agbébọn, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó gbogbo ìdíje náà láti Niamey lọ sí Sabha ní Líbyà. Wọ́n fagi lé ti 2008 lẹ́yìn ìpànìyàn kan ní Mauritania, ìdíje sì kó lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2009, kí ó tó lọ sí Saudi Arabia ní 2020. Ní 2020 yìí kan náà ni ìjọba Niger fòfin de ìrìn alùpùpù ní agbègbè Tillabéri tí ó yí Niamey ká, nítorí pé alùpùpù ni àwọn agbébọn ń gùn wá kọ lu àwọn abúlé. Bí ọ̀nà Ténéré yóò bá tún ṣí fún arìnrìn-àjò, àlàáfíà ni yóò kọ́kọ́ dé. Kànga, atọ́nà àti ibùdó yóò sì tẹ̀ lé e, nítorí alùpùpù tí ó lè rìn ín ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.