Ọnà-Èdè Inú Òwe

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀ yìí yẹ ní ìpìlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọnà-èdè, nítorí ọnà-èdè ni òun fúnra rẹ̀. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni apá àkọ́kọ́: kò sọ pé òwe dà bí ẹṣin, ẹṣin ló pè é. Apá kejì wá na àfiwé náà síwájú: ọ̀rọ̀ di ohun ọ̀sìn tó ṣáko lọ, ẹni tó ń wá a sì ti gun ẹṣin jáde.

Ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn ni ẹṣin inú òwe yìí. Nínú igbó kìjikìji, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn án kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Ní ọ̀dàn, láti Ọ̀yọ́-Ilé wá sí Òkè-Ògùn, ẹṣin rọ́wọ́ mú, òun náà sì ni ọwọ́ agbára ogun Ọ̀yọ́. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ní pápá gbalasa ń ríran jìnnà ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó sì ń yára dé ibi tó ń lọ. Àfiwé tó bá fìdí múlẹ̀ nínú ohun tí ojú ti rí báyìí kì í tètè ṣá.

Àfiwé tààrà yàtọ̀ díẹ̀ sí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Bí a bá ní, “Ọdẹ náà dúró bí òkè Àṣábàrí,” ìyẹn òkè ìlú Ṣakí, àfiwé tààrà ni. “Bí” ti fi ara hàn. Bí a bá ní, “Àṣábàrí lọdẹ náà,” ó di ẹlẹ́lọ̀ọ́. Bí a bá sì ní, “Àṣábàrí ń ṣọ́ Ṣakí tọ̀sántòru,” ìfohunpènìyàn dé nìyẹn, nítorí iṣẹ́ ènìyàn la gbé fún òkúta.

Ṣùgbọ́n “bí” ti kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Ẹ wo òwe yìí: “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” “Bí” mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Méjì yòókù ń díwọ̀n iye: aṣọ tó pọ̀ tó ti àgbà, àkísà tó pọ̀ tó ti àgbà. Àfiwé tààrà gidi máa ń so ohun méjì tí ìran wọn kò bára tan pọ̀, bí ọdẹ àti òkè; òwe yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwítúnwí ló gbé ẹwà rẹ̀ ró: “bí àgbà” parí awẹ́ kìíní, ó tún parí ìkejì, “àkísà” sì bọ́ sí ipò tí “aṣọ” wà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìtumọ̀ rọ̀ mọ́.

Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì, wọ́n á ní sányán ni baba aṣọ. Ìfohunpènìyàn náà nìyẹn: aṣọ kì í bímọ. Àsọdùn kò ṣòro láti dá mọ̀. Ẹni tó ní a ń gúnyán nínú ewé, a sì ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, kò retí kí ẹnikẹ́ni gbé odó jù nù. Àdàpè ní tirẹ̀ máa ń fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ tó bani lẹ́rù. Nígbà tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Igbe ọdún 2022, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni.

Ìfohùndárà ló ṣòro jù, òun náà ló sì jẹ́ ti Yorùbá jù. Ọlátúndé Ọlátúnjí fún un láyè nínú ìwé tó kọ lórí ewì alohùn ní 1984. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: “Igba igbá ni wọ́n tà nígbà ọdún.” Ìró kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n: iye, ohun èlò, àkókò. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé láìsí àmì ohùn, ọnà náà pòórá. Olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ni ní ìfohùndárà ní láti ka àpẹẹrẹ rẹ̀ sókè kó tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tú u.